Táì yín ò gùn jù, ṣòkòtò yín ló gòkè

Sátidé kan n'Ìbàdàn, nǹkan bí aago 8 àárọ̀, àbúrò mi ń ṣègbéyàwó, àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ mẹ́fà tó fẹ́ tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti tò síwájú dígí kan ṣoṣo nínú yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ṣòkòtò tí télọ̀ rán fún wọn dáa gan-an, plíìtì méjì méjì níwájú, ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ díẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ń ki bẹ́líìtì bọ̀, ó sì ga dé orí ìdodo bíi tàwọn bàbá wa nínú fọ́tò àtijọ́. Àmọ́ ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn ló so táì tán tí ṣóńṣó ẹ̀ wá ń fì níwájú síìpù. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó, àbí táì tí wọ́n tà fún wa gùn jù ni?" Èkejì ò tiẹ̀ dúró gbọ́ èsì, ó ti ń fa ṣòkòtò ẹ̀ wálẹ̀ kó lè bá táì pàdé, plíìtì tó jókòó jẹ́jẹ́ tẹ́lẹ̀ ti ń yanu. Mo ní kó fi sílẹ̀, kó fà á padà sókè.

Táì yẹn ò ṣe nǹkan kan. Táì oníǹṣì 58 ni, irú èyí tí gbogbo ọjà ń tà, irú ẹ̀ náà ni gbogbo wọn ń so lọ síbi iṣẹ́ láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè tí kò sẹ́ni tó ráhùn. Ṣòkòtò ló yí padà. Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí tí ṣòkòtò tó ga níbàdí, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní high-waist, ti padà sígboro, tọkùnrin tobìnrin ló ń rán an, ó sì ń múnú mi dùn torí ó yẹ èèyàn. Àmọ́ kò sẹ́ni tó ń sọ fún wọn pé tí ṣòkòtò bá ti gòkè, gbogbo ìṣirò táì náà ti yí padà nìyẹn. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣí i wò.

Òfin tí gbogbo wa gbọ́ ni pé táì gbọ́dọ̀ dé bẹ́líìtì. Òfin yẹn ò burú, àmọ́ ẹni tó sọ ọ́ ń ro ti ṣòkòtò tó dúró lábẹ́ ìdodo, tó ní bẹ́líìtì, tí bẹ́líìtì ní irin níwájú tójú lè tètè rí. Tó bá wá jẹ́ ṣòkòtò tí kò ní bẹ́líìtì ńkọ́, tó jẹ́ irin pẹlẹbẹ tàbí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ìbàdí ni wọ́n fi ń fún un, tàbí tó jẹ́ bírésì ló gbé e kọ́ èjìká? Irin tí ojú máa ń wá kò sí níbẹ̀ mọ́, ọwọ́ á wá so táì síbi tó ti ń so ó láti ọjọ́ tó ti pẹ́, torí ọwọ́ tiẹ̀ ò mọ̀ pé ṣòkòtò ti gòkè.

Ẹ jẹ́ ká tún òfin náà sọ báyìí: ṣóńṣó táì gbọ́dọ̀ kan báǹdì ṣòkòtò, níbikíbi tí báǹdì yẹn bá wà lára yín lọ́jọ́ náà. Báǹdì tí mò ń wí ni aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó yí ìbàdí po, tí bọ́tìnì tàbí húùkù wà lára ẹ̀, ó sábà máa ń fẹ̀ tó íǹṣì kan ààbọ̀ sí méjì. Ṣóńṣó táì lè kan etí òkè ẹ̀, ó lè sọ̀ dé àárín ẹ̀, ìyẹn wà lọ́wọ́ yín. Kó ṣá má kọjá etí ìsàlẹ̀ ẹ̀, kó má sì kúrú débi tí ṣẹ́ẹ̀tì á fi máa yojú láàárín òun àti ṣòkòtò. Èmi fẹ́ràn kó bo ìdajì báǹdì, torí tí èèyàn bá nàró dáadáa tàbí tó gbọ́wọ́ sókè láti kí èèyàn, ṣẹ́ẹ̀tì máa ń fà sókè, táì á bá a lọ, ìdajì yẹn ló máa gbà yín lọ́wọ́ ìtìjú.

Ìdí tó fi ṣe pàtàkì lórí high-waist ju lórí ṣòkòtò yòókù lọ ni pé ohun tí high-waist wá ṣe fún yín ni pé kó mú ẹsẹ̀ yín gùn lójú ẹni tó ń wò yín. Láti ìdodo dé bàtà, ìlà kan ṣoṣo. Tí táì bá wá sọ̀ kalẹ̀ gba orí ìlà yẹn kọjá bí íǹṣì mẹ́ta mẹ́rin, ojú ẹni tó ń wò yín á tẹ̀lé táì, á gbà pé ibi tí táì parí sí ni ìbàdí yín wà, ẹsẹ̀ tí télọ̀ gbé gùn ti tún kúrú padà, owó yín sì ti wọgbó.

Ìbàdí gan-an, ibo ló wà? Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ibi tí wọ́n ti ń de bẹ́líìtì ni ìbàdí, kì í ṣe bẹ́ẹ̀, orí eegun ìdí nìyẹn. Ẹ dúró, ẹ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni tó fẹ́ gbé korobá omi, ibi tí ara yín bá ti ká, ìbàdí nìyẹn, ó sábà máa ń wà lọ́gangan ìdodo tàbí lókè ẹ̀ díẹ̀. Ibẹ̀ ni high-waist ń jókòó sí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ṣòkòtò tó wà nílé yín ga lóòótọ́, ẹ na tépù láti ibi tí ojú rírán ẹsẹ̀ méjèèjì ti pàdé lábẹ́ síìpù, ẹ gbé e gba ojú síìpù lọ dé etí òkè báǹdì. Tó bá jẹ́ bí íǹṣì 8, èyí tó lọlẹ̀ nìyẹn, 9 sí 10 wà láàárín, láti 11 lọ sókè, high-waist ni. Ẹ ò rí i pé láàárín èyí tó lọlẹ̀ àti èyí tó ga, íǹṣì 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ti wọ̀ ọ́, ara kan náà, táì kan náà.

Kí ló wá dé tí táì ọjà fi gùn báyìí? Nígbà tí ọkùnrin ilẹ̀ Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wọ ṣòkòtò dé ìdodo, láàárín 1930 sí 1949 yẹn, táì ìgbà náà kúrú, ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ju íǹṣì 48 sí 52 lọ. Ó tó wọn, torí ibi tó ń lọ ò jìnnà, ọ̀pọ̀ sì tún ń wọ wésíkóòtì lé e, kò sẹ́ni tó rí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Ìgbà tó yá, ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ sí eegun ìdí, wésíkóòtì kúrò lára ọ̀pọ̀ èèyàn, táì náà bá ń gùn tẹ̀ lé ṣòkòtò lọ, ó di íǹṣì 57 sí 58, ìyẹn bíi sẹ̀ǹtímítà 145 sí 147, ìwọ̀n yẹn náà ló wà lórí igbá títí dòní. Àwọn tó ń ṣe táì ò tíì bá ṣòkòtò padà sókè. Ká má wá sọ ti àwọn tó tiẹ̀ fẹ́ kó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, bíi Trump, táì tiẹ̀ máa ń kọjá bẹ́líìtì dáadáa, ní oṣù Disẹ́ńbà 2016 atẹ́gùn gbé e sókè nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ nínú bàálù, gbogbo ayé sì rí sẹ́lótéèpù tó fi lẹ ìrù ẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Sẹ́lótéèpù yẹn gan-an jẹ́ ẹ̀rí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ báyìí, torí ó fi hàn pé táì ní apá méjì, apá kan ò sì lè gùn kí èkejì má kúrú.

Ibí ló ti ń rú èèyàn lójú jù. Apá fífẹ̀ ló wà níwájú, apá tínrín tí mò ń pè ní ìrù ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ wò ó bí okùn tí wọ́n gbé kọ́ ẹ̀ka igi, ẹ̀ka yẹn ni ọrùn yín. Tí ẹ bá fa apá kan sókè níǹṣì 3, apá kejì á sọ̀ kalẹ̀ níǹṣì 3. Èyí ló fà á tí ẹni tó bá kàn sọ pé "mo máa tún un so, mo máa jẹ́ kí iwájú kúrú" fi máa ń rí i pé ìrù ti yọ sísàlẹ̀ bí ahọ́n.

Mo fi tépù wọn tèmi nílé kó lè yé mi dáadáa. Ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì mi jẹ́ 16. Mo fi kókó four-in-hand so táì 58, ìyẹn kókó kékeré tí ọ̀pọ̀ wa kọ́ nílé ìwé, ó jẹ táì bí íǹṣì 7. 58, ẹ yọ 16 ti ọrùn kúrò, ẹ yọ 7 ti kókó, ó ku 35 tí apá méjèèjì máa pín. Pẹ̀lú ṣòkòtò tó lọlẹ̀, láti kókó dé báǹdì jẹ́ 19, ìrù gba 16 tó kù, ó fara pamọ́ sẹ́yìn, kò sí wàhálà. Mo wọ high-waist. Láti kókó dé báǹdì ti di 16. Mo tún táì so kí iwájú lè jẹ́ 16, ìrù wá di 19, íǹṣì 3 gbáko ló yọ lábẹ́ ṣóńṣó. Táì kan náà, ọkùnrin kan náà, àárọ̀ ọjọ́ kan náà. Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ kí iwájú kúrú níǹṣì 3 kí ìrù sì wà lẹ́yìn ẹ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe íǹṣì 3 lẹ máa wá kiri, ó máa tó 4 tàbí 5 tí nǹkan kan gbọ́dọ̀ jẹ, bóyá kókó ló jẹ ẹ́, bóyá ẹ fi pamọ́, bóyá sísọ́ọ̀sì ló gé e.

Kí ẹ tó ṣe èyíkéyìí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ wọn ara yín, ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ wọ ṣòkòtò náà kí ẹ tó wọn. Ẹ má wọn ara yín nínú bọ́kísà. Ẹ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ kì í sínú ṣòkòtò, ẹ de bírésì tàbí kí ẹ fún ẹ̀gbẹ́ ìbàdí bí ẹ ṣe máa fún un lọ́jọ́ òde, ẹ jókòó, ẹ dìde, ẹ rìn lọ rìn bọ̀ díẹ̀, torí ṣòkòtò tí kò ní bírésì máa ń sọ̀ kalẹ̀ bí íǹṣì kan kó tó rí ibi jókòó sí. Ìgbà yẹn lẹ wá na tépù láti bọ́tìnì ọrùn dé àárín báǹdì. Tí ẹ bá ní ikùn, tépù gbọ́dọ̀ gba orí ikùn kọjá, ẹ má nà án tọ́ nínú afẹ́fẹ́, torí táì ò ní fò kọjá lórí ikùn yín. Èyí tó jáde níbẹ̀ ni nọ́ńbà yín. Ẹ má wo dígí lórí ìjókòó o, tí èèyàn bá jókòó gbogbo táì ló máa ń ká sórí itan, kò sí ohun tó fi hàn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí kókó, torí kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kókó kan wà tí wọ́n ń pè ní Prince Albert, ẹni tó bá mọ four-in-hand ti mọ̀ ọ́n tán. Bí ẹ ṣe máa ń gbé apá fífẹ̀ gba iwájú ìrù kọjá, tẹ́ ẹ gbà á gba ẹ̀yìn, tẹ́ ẹ tún gbé e gba iwájú, ẹ má tíì gbé e gba ọrùn jáde, ẹ yí i ká lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti wá di pé iwájú kókó ní ìpele méjì. Ìgbà yẹn lẹ wá gbé e gba abẹ́ ọrùn jáde, ẹ kì í gba abẹ́ ìpele méjèèjì wálẹ̀, ẹ fún un. Ẹ máa rí i pé ìpele àkọ́kọ́ yojú díẹ̀ nísàlẹ̀ kókó, bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, ẹwà ẹ̀ ni. Yíyí kan tó lé yẹn ń jẹ íǹṣì 3 sí 4, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí à ń wá gan-an. Tèmi, 35 wá di bíi 31, iwájú 16, ìrù 15, ó parí.

Àléébù ẹ̀ kan ni pé kókó á tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe torí yíyí kejì nìkan, bí iwájú ṣe kúrú, ibi tí táì ti ń fẹ̀ bọ̀ ló wá ń bọ́ sínú kókó. Nítorí náà, táì sílíìkì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ fi máa ṣe é, tí ẹ bá fi táì onírun àgùntàn tó nípọn ṣe é, á dà bíi pé ẹ so ẹ̀kọ mọ́ ọrùn. Àwọn kan á ní kí ẹ ta kókó Windsor, òun náà ń jẹ táì ju four-in-hand lọ lóòótọ́, àmọ́ ó fẹ̀ bí onígun mẹ́ta, ó nílò ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ gan-an, ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣe ṣóńṣó ò gbà á. Ẹni tí wọ́n fi sọ kókó náà lórúkọ, Edward Kẹjọ tó fi orí ìtẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ní 1936, tí wọ́n wá ń pè ní Duke of Windsor, kì í tiẹ̀ ta á, four-in-hand ló ń ta, táì tó nípọn ló ní kí wọ́n máa ṣe fún òun kí kókó lè tóbi. Ní 1999, àwọn onímọ̀ físíìsì méjì ní Cambridge, Thomas Fink àti Yong Mao, jókòó ṣírò gbogbo ọ̀nà tí èèyàn lè gbà ta kókó táì, ó jẹ́ 85. Ẹ ò nílò wọn, méjì tí mo sọ yìí ti tó èèyàn lò.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ fi ìrù pamọ́. Ẹ ta four-in-hand yín bó ṣe wà, ẹ jẹ́ kí iwájú kan báǹdì, ìrù tó bá yọ, ẹ kì í sínú ṣẹ́ẹ̀tì láàárín bọ́tìnì méjì, ọ̀gangan bọ́tìnì kẹrin máa ń dáa. Àwọn míì máa ń kì í sínú ṣòkòtò, lórí ṣòkòtò tó lọlẹ̀ mi ò fọwọ́ sí i torí ó máa ń jáde, àmọ́ báǹdì high-waist fún mọ́ ìbàdí, ó ń dì í mú dáadáa. Ti apá fífẹ̀ ńkọ́, ṣé a lè ki òun náà bọ inú ṣòkòtò? Àwọn ayé àtijọ́ ṣe é, àwọn sójà Amẹ́ríkà nígbà ogun àgbáyé kejì tiẹ̀ máa ń ki gbogbo táì sínú ṣẹ́ẹ̀tì. Lóde òní, tí kì í bá ṣe pé aṣọ sójà lẹ wọ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀, ẹni tó bá wò yín á rò pé ẹ sáré wọṣọ ni. Tí ẹ bá ní pín-ìn-nì táì, ẹ fi mú táì mọ́ ṣẹ́ẹ̀tì láàárín bọ́tìnì kẹta àti ìkẹrin, kò ní jẹ́ kí ìrù tẹ́ ẹ kì bọnú jáde tí ijó bá bẹ̀rẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn ni kí ẹ gbé e lọ bá télọ̀ kó gé e, òun ni mo fẹ́ràn jù tó bá jẹ́ pé high-waist lẹ ń wọ̀ lójoojúmọ́. Àmọ́ kì í ṣe gbogbo télọ̀ ló ti tú táì rí, ẹ má kàn gbé táì olówó ńlá lé wọn lọ́wọ́. Ẹ yí táì yín dojú dé kí ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ẹ máa rí ojú rírán gígùn kan láti òkè dé ìsàlẹ̀, òwú ẹ̀ ò fún, ó sì máa ń ní òwú kékeré kan tó ká bí òrùka lẹ́nu ibi tó parí sí. Òwú yẹn kì í ṣe òwú tó tú, ẹ má gé e, òun ló ń jẹ́ kí táì lè nà kó sì padà sípò. Ẹ tún wo ibi tó máa ń bọ́ sábẹ́ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì, ẹ máa rí ojú ìsopọ̀ tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí aṣọ mẹ́ta ni wọ́n rán pọ̀ di táì kan. Láti ìgbà 1920 sí 1929 yẹn ni wọ́n ti ń ṣe é báyìí, Jesse Langsdorf, ará New York kan tó ń ṣe táì, ló mú ọ̀nà náà wá. Kì í gé aṣọ ẹ̀ tọ òwú, ó máa ń yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ níwọ̀n dígírì 45 kó tó gé e, èyí tí àwọn télọ̀ wa ń pè ní báyásì, ìdí nìyẹn tí táì fi ń wálẹ̀ tààrà tí kì í lọ́ lọ́rùn.

Nítorí náà, ibi tó dáa láti gé ni abẹ́ ọrùn, lójú ìsopọ̀ yẹn, kí ṣóńṣó méjèèjì wà bí wọ́n ṣe wà. Télọ̀ á tú u níbẹ̀, á gé íǹṣì mẹ́rin kúrò lára aṣọ òde àti aṣọ tó wà nínú, á rán an padà. Tí ọwọ́ ẹ̀ ò bá gbé ìyẹn, kó gé e láti ìdí ìrù, kó ṣẹ́ etí ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa rí i níwọ̀n ìgbà tó bá ti wà lẹ́yìn apá fífẹ̀. Ohun tí mi ò fẹ́ kí ẹ gbà láéláé ni kí ó gé apá fífẹ̀, ṣóńṣó yẹn kì í ṣeé tún ṣe bó ṣe wà. Ẹ sì bá mi sọ fún un tìfẹ́tìfẹ́ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi gum stay, aṣọ onígọ́ọ̀mù yẹn, rọ́pò aṣọ inú ẹ̀, ẹ má sì fi áyọ́ọ̀nù tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀," torí télọ̀ tó mọ iṣẹ́ kóòtù dáadáa lè fẹ́ fi ọgbọ́n kóòtù tún táì ṣe, táì á sì le gan bíi páálí.

Ara èèyàn ò rí bákan náà, ẹ ò gbọ́dọ̀ gba gbogbo ohun tí mo sọ yìí láìwo ara yín. Ẹni tó ga bí ẹsẹ̀ bàtà 6 àti íǹṣì 3, táì 58 máa ń kúrú fún un lórí ṣòkòtò tó lọlẹ̀, ó ti máa ń lọ ra táì gígùn pàtàkì. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ high-waist ló gbà á sílẹ̀, táì ọjà á bá a mu láìgé nǹkan kan. Ọ̀kan nínú àwọn mẹ́fà ọjọ́ yẹn rí bẹ́ẹ̀, òun nìkan ni táì ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ kọjá ibi tó yẹ. Ẹni tí ọrùn ẹ̀ tóbi, bíi 18, íǹṣì méjì ti bá ọrùn lọ kó tó di pé kókó jẹ tiẹ̀, òun náà ò ní wàhálà púpọ̀. Ẹni kúkúrú tí ọrùn ẹ̀ kéré ni ìyà ń jẹ jù, Prince Albert nìkan lè má tó o, kó kúkú gé táì. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ̀ ń fi táì wọ high-waist, ó sì ń yẹ yín, tépù yín gbọ́dọ̀ gba orí ọyàn kọjá, ìyẹn máa ń fi kún nọ́ńbà iwájú, àmọ́ ọrùn yín kéré, ó sábà máa ń dọ́gba síra wọn, ọ̀pọ̀ yín ṣì máa nílò táì tó kúrú.

Ti wésíkóòtì rọrùn. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́, tí ẹ kò sì ní bọ́ ọ títí ẹ ó fi délé, kò sẹ́ni tó máa rí ṣóńṣó táì, ohun kan ṣoṣo tó pọn dandan ni kó má yọ lábẹ́ wésíkóòtì. Fífẹ̀ táì náà kò le, high-waist onípílíìtì tí ẹsẹ̀ ẹ̀ fẹ̀ ń fẹ́ táì tó fẹ̀ tó íǹṣì 3 sí 3 ààbọ̀, táì tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn á kàn sọnù síbẹ̀ ni.

Àmọ́ bírésì, mo fẹ́ tẹnu mọ́ ọn. High-waist tí kò ní bírésì, tó jẹ́ pé irin tàbí bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ ìbàdí nìkan ló dì í mú, lẹ́yìn oúnjẹ àti ijó wákàtí mẹ́ta ó ti sọ̀ kalẹ̀, ṣẹ́ẹ̀tì funfun ti yojú láàárín òun àti táì, èèyàn á wá rò pé táì ló kúrú. Bírésì máa ń dá báǹdì dúró síbi tẹ́ ẹ ti wọ̀n ọ́n láàárọ̀. Kí télọ̀ kan bọ́tìnì ẹ̀ sínú báǹdì, méjì méjì lápá ọ̀tún àti òsì níwájú, méjì lẹ́yìn, bírésì oníkílíìpù tó ń bu aṣọ jẹ yẹn ò dáa fún ṣòkòtò olówó iyebíye.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó yẹn kò sí àyè télọ̀, aago 10 ni ìsìn. Mo dúró sẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, mo gba táì lọ́wọ́ ẹ̀, mo bá a ta Prince Albert, mẹ́rin jókòó síbi tó yẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀kan tí kò ga púpọ̀, ìrù tiẹ̀ ṣì yọ bí íǹṣì kan, a kì í sínú ṣẹ́ẹ̀tì, a fi pín-ìn-nì ọkọ ìyàwó mú un. Ti ẹni tó ga, mo kàn fà á sókè díẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá wọn tèmi, tí mo sì kọ nọ́ńbà méjì sínú fóònù mi, mo rọ ẹ̀yin náà kẹ́ ẹ kọ tiyín. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni láti kókó dé báǹdì, tèmi jẹ́ 16. Èkejì ni gígùn táì tí mo lè rà tí mi ò ní í gé: iwájú 16, ìrù 15, ọrùn 16, kókó kékeré 7, àpapọ̀ ẹ̀ jẹ́ 54. Tí mo bá dé ibi òkìrìkà ní Yaba tàbí Kàtáńgúà l'Ékòó, níbi tí wọ́n ti ń da táì jọ bí òkìtì, àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò, mo á wá ká táì sí méjì lọ́gbọọgba, mo á gbé tépù tì í. Tó bá jẹ́ 27 tàbí tó fi díẹ̀ dín, mo á ná an. Tó bá jẹ́ 29, mo á béèrè lọ́wọ́ ara mi bóyá mo fẹ́ràn ẹ̀ débi tí mo máa fi san owó télọ̀ lé e.